Ọrùn Agẹrun

Bí ẹ bá jókòó sórí àga Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, yóò gẹ irun yín tán, yóò fá ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ etí, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọrùn yín nù. Ẹ ó rò pé ó parí. Rárá o, ó ku èyí tó máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n yín mú, yóò fi èkejì di orí yín mú lẹ́yìn, yóò wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Kí ẹ tó mí, ó ti yí i: kẹ́! lápá ọ̀tún, kẹ́! lápá òsì. Àwọn ọkùnrin àdúgbò a pajú dé, wọn a ní "Háà!" bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀. Torí kẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe ń fi agẹrun ẹnu ọ̀nà wọn sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, torí ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀.

Ta ló kọ́ ọ? Àbúrò bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Ta ló kọ́ àbúrò bàbá? Ẹ má bi mí, torí kò sẹ́ni tó bi òun náà. Ọrùn ènìyàn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọpọlọ, ni wọ́n ń yí bí ìdérí ìgò, gbogbo ayé sì ń dúpẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀: àga méjì, dígí gígùn kan, fáànù tó ń ké. Òun ló ni àga kan, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ni èkejì, ó sì ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, wọn a gbálẹ̀, wọn a fi sípírìtì nu abẹ. Ẹ̀gbọ́n a wá jókòó, àbúrò a yí ọrùn rẹ̀. Àbúrò náà a jókòó, ẹ̀gbọ́n a yí tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn pé ó dàárọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ kí a dúró, kí a tẹ orí ba láti àárọ̀ dalẹ́ ni iṣẹ́ náà. Ọrùn ti ń dun Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tipẹ́, kò kà á sí. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ìrora náà sọ̀kalẹ̀ gba apá ọ̀tún, ó wá dà bíi pé èèrà ń rìn nínú ìka rẹ̀. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fá ìpàkọ́ tíṣà kan, díẹ̀ ló kù kó gé e létí. Tíṣà rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Agẹrun wo ni kò ní lè di abẹ mú? Ó ní ìbejì obìnrin níléèwé, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Ẹ̀rù bà á gidi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òòyì dé. Bó bá gbójú sókè wo dígí, ilé a máa yí. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ sọ fún oníbàárà pé kó jókòó, ahọ́n rẹ̀ lọ́ pọ̀, ó dà bí ẹni tó mutí yó. Ìyàwó rẹ̀, tó ń po ìyẹ̀fun níléeṣẹ́ búrẹ́dì, ló gbọ́ nípa dókítà obìnrin kan tó ń fi ọwọ́ tọ́ eegun ẹ̀yìn àti ti ọrùn, tí kì í gúnni lábẹ́rẹ́, tí kì í lani. Òun ló lọ gba ọjọ́ sílẹ̀ fún un.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́," ó wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù, torí ìka ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. "Gbogbo ohun tó ń ṣe yín ni kí ẹ sọ o. Ẹ sọ ti òòyì. Ẹ sọ ti ahọ́n. Ẹ sọ fún un pé àbúrò yín ń yí ọrùn yín lójoojúmọ́. Ẹ má débẹ̀ kí ẹ máa ṣe ọkùnrin."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ọmọdé ì bá sàn. Ọmọdé á ké."

Yàrá dókítà náà mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀ tó ní ihò tí ènìyàn ń ki ojú bọ̀, wọ́n sì gbé eegun ẹ̀yìn oníróbà kan kọ́ sára irin. Dókítà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ tutù. Kò gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Àga ló fi lọ̀ ọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ẹ̀yin sà, ṣé òòyì máa ń kọ́ yín?"

"Rárá."

"Ọ̀rọ̀ kì í lọ́ mọ́ yín lẹ́nu? Ẹ kì í rí nǹkan ní méjì-méjì?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹnì kan ti yí ọrùn yín rí?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mi orí. "Kò sẹ́ni kankan."

Kí ló dé tó ń purọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìwà agẹrun ni. Bí oníbàárà bá jókòó sórí àga rẹ̀ tó ní, "Ọ̀gá, òòyì ń kọ́ mi lónìí," Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kì í fọwọ́ kan ọrùn onítọ̀hún. Páúdà ni yóò fi sí i, yóò ní ó dàbọ̀. Ó mọ̀ pé wọn kì í yí ẹni tó bá jẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kí wọ́n lè yí òun ló ṣe wá. Kẹ́ ńlá ló fẹ́ gbọ́, kẹ́ ọ̀mọ̀wé, èyí tí yóò dá ọwọ́ rẹ̀ padà fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ló bá gbé gbogbo ohun tó yẹ kó sọ mì. Olúwa ò! Ọkùnrin tó mọ̀ pé ewu ni fún ẹlòmíràn, tó wá ń fi tara rẹ̀ pamọ́!

Dókítà fi ìka tẹ ọrùn náà kọjá. Ó ní kó fi ọwọ́ méjèèjì di ìka òun mú pinpin. Ti òsì dì í mú dáadáa, ti ọ̀tún kò lágbára. Dókítà fajú ro.

"Sà, mi ò ní yí ọrùn yìí lónìí. Ọwọ́ ọ̀tún yín ti rọ, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ibẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún yín, kí ẹ tó padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí i fún yín o. Bí òòyì bá sì kọ́ yín, tàbí ahọ́n yín bá lọ́, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ọsibítù ni kí ẹ sáré gbà lọ."

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Inú bí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ó jáde, ó ń kùn pé ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Kò gba ilé, kò gba ọsibítù, ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà, ó sì fi ọwọ́ òsì ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni dókítà wí?" àbúrò bi í.

"Ó ní kò sí nǹkan kan. Eegun kan ló yẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí o máa yí i bó o ṣe ń yí i."

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé mo ń purọ́ fún ọ ni? Yí i, jàre. Kí o sì yí i dáadáa."

Àbúrò yí i dáadáa.

"Háà," ẹ̀gbọ́n wí, "ó ti bọ́ sípò." Ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, òun náà bá a lọ sílẹ̀. Àbúrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó fi máa yí i sókè, ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ́ sápá kan.

Ní ọsibítù wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló ya nínú ọrùn, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ọpọlọ bó ṣe yẹ. Wọ́n bèèrè ẹni tó yí ọrùn rẹ̀. Ìyàwó ní dókítà eegun ẹ̀yìn ni. Àbúrò dúró síbẹ̀, kò jẹ́wọ́ pé òun ni. Lójú tirẹ̀, dókítà ló pàṣẹ, dókítà ló sì lẹ̀bi.

Ìyàwó kò bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ kó tó lọ bá dókítà náà, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. "Kí lẹ fi ọkọ mi ṣe?"

"Màmá, mi ò yí i o. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má yí i."

"Kò sọ fún yín pé òòyì ń kọ́ òun?"

"Mo bi í. Ó ní rárá."

"Kò sọ pé àbúrò òun ń yí i lójoojúmọ́?"

"Mo bi í, màmá. Ó ní kò sẹ́ni kankan." Ojú dókítà náà pọ́n. "Ká ní ó sọ ni, ǹ bá fúnra mi gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn."

Ìyàwó kò rí ẹni tí yóò bínú sí mọ́. Ó jókòó sórí àga tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí, ó sunkún títí.

Nígbà tí wọ́n gbé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ délé, ọwọ́ ọ̀tún ti kú, ẹsẹ̀ ń wọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó bi í lójú àbúrò: "Kí ni dókítà yẹn sọ fún yín lọ́jọ́sí?"

"Ó... ó..." Ẹnu ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tó ń jáde. Irọ́ ọjọ́ náà kò mà fún un níṣòro tó báyìí.

"Ó ní kí n yí i, àbí?" àbúrò wí, ó ti ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n yí i?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì juwọ́ pé rárá.

Àbúrò dìde. "Ọwọ́ mi lẹ fi ṣe é. Nínú gbogbo ọwọ́ tó wà láyé, tèmi." Ó jáde lọ.

Òun nìkan ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí, torí àwọn ìbejì gbọ́dọ̀ jẹun. Kì í yí ọrùn ẹnikẹ́ni, àwọn oníbàárà kan sì ti bá ibòmíràn lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi a máa wá fá irùngbọ̀n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yóò fá ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò fá àgbọ̀n, ibẹ̀ ni yóò ti dúró, irun ọrùn ń hù lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ọwọ́ òsì rẹ̀ mú ọwọ́ àbúrò, ó gbé e lé ọrùn ara rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀. Àbúrò rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó nu abẹ, ó sì lọ.