Nọ́ńbà Tí Bàbá Tún Kọ

Nígbà tí Bàbá Onínọ́ńbà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ bá bi í pé ibo ni ìwé oyin ń gbé, á kọ́kọ́ bi yín padà: "Oyin sísìn ni àbí oyin tí wọ́n fi ń se oúnjẹ?" Ti àkọ́kọ́ ń jókòó ti ìwé àwọn àgbẹ̀, ìkejì wà lọ́dọ̀ àwọn alásè. Ohun tí ìwé bá ń sọ gan-an ló ń sọ nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ sẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra lè wà lójú kan. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe é ní ilé ìkàwé. Ó fi kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ náà ló sì jogún àga rẹ̀.

Ìgbàgbé wá dé, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó kó orúkọ, ó kó ojú èèyàn, ó kó ọ̀nà balùwẹ̀ lọ. Nọ́ńbà nìkan ni kò rí kó. Oṣù kẹta rèé tí Bàbá ti ń pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní "Nọ́ọ̀sì." Ọmọ ń jẹ́ ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọra. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń gbé ìwé tuntun wá láti ibi iṣẹ́, kí Bàbá sọ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín o, kì í ṣe nọ́ńbà ló ń wá. Kí bàbá rẹ̀ rántí òun, lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tó ń wá nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé nípa títọ́jú arúgbó tó ń gbàgbé ló gbé wá. Òun fúnra rẹ̀ ti fi pẹ́ńsù kọ ẹẹ́fà, oókan, ẹẹ́fà sí i: àìsàn, láàárín ìwé àwọn dókítà. Bàbá ka ojú ewé méjì, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló kọ èyí?"

"Ṣé wọ́n ṣì í kọ ni, sà?"

"Wọ́n ṣì í kọ gan-an! Ṣé àìsàn ló ń sọ ni? Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹẹ́fà, ẹẹ́rin, ẹẹ́sàn-án. Ìtọ́jú ilé ni. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ọmọ títọ́ ló yẹ kó wà."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó gba pẹ́ńsù, ó fagi lé e, ó tún un kọ. Ó wá tẹjú mọ́ èyí tó fagi lé.

"Ọwọ́ ọmọ mi rèé."

Ọmọ sún mọ́ ọn.

"Òun ló wà ní ilé ìkàwé báyìí," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́." Ó na ìwé náà sí i. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ní kó máa sinmi. Ẹ ní mo ní ó káre."

Ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà.

"Ó ti gbọ́, Bàbá mi."