Ọkọ̀ Tí A Kò Lè Lù Wò

Ẹ́ńjìnì náà ń bú ramúramù nínú àgbá omi lẹ́yìn ilé wa ní Ìgándò. Èéfín ti gba gbogbo àgbàlá, aṣọ tí ìyá mi sá sórí okùn ti ń rùn fún epo, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, sì na àtẹ́lẹwọ́ sí omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì náà. Àwọn apẹja máa ń sọ pé ẹ́ńjìnì ń tọ̀ ni. Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n Màmá kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Bí omi yẹn kò bá jáde dáadáa, ẹ́ńjìnì á gbóná, á sì kú mọ́ àwọn tó gbé e lọ sójú omi lọ́wọ́.

"Pa á," ni Màmá wí fún mẹkáníìkì. "Iyọ̀ ti dí i lọ́fun."

Ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Ìkọ̀tún lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ń wá láàárín ilé àwọn tíṣà àti kápẹ́ńtà. Ìlàjẹ ni Màmá. Ọkọ̀ àwọn apẹja ará ilé wọn, àti èyí tí Màmá fúnra wọn fi ń jẹun, wà létí òkun lọ́nà Àgbádárìgì, àwọn olè ibẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì sùn síta. Nítorí náà, bí àwọn apẹja bá ti ń sinmi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó ẹ́ńjìnì wá, kí ó wá mu omi kànga tí kò níyọ̀, kí wọ́n sì yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ nù.

Iṣẹ́ tí wọ́n mọ Màmá mọ́ jù ni yíyan ọkọ̀. Apẹja ará ilé wọn kì í ra ọkọ̀ láì wá mú wọn dání. Hámà kékeré kan ni wọ́n ń mú lọ. Wọ́n á máa fi lu pákó láti iwájú dé ìdí, wọ́n á dẹtí sí i. Pákó tó yè á dún kọ́, kọ́. Èyí tó ti jẹrà nínú á dún pọ̀, bí ẹni lu ìrọ̀rí. Ibi tí wọ́n ti ń pẹ́ jù ni pákó ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnì mọ́, torí bí ìyẹn bá já láàárín òkun, ẹ́ńjìnì á rì, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n á ní ojú ní í ra ọ̀dà, etí ní í ra pákó. Ọlọ́kọ̀ kan bínú sí wọn lójú mi pé wọ́n ń fi hámà bu ọjà òun kù. Wọ́n ní kó má bínú, wọ́n sì ń lù ú lọ.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni n kò rí kí wọ́n lù rí, ìyẹn ọkọ̀ bàbá bàbá mi. Nígbà tí bàbá àgbà kú, Màmá fi lọ́rì gbé e wá sí Ìgándò, wọ́n fi tápólì bò ó lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ká tápólì náà, wọ́n á fi àkísà nu ọkọ̀ náà, wọ́n á tún bò ó mọ́lẹ̀ pinpin. Ọmọ tó bá gùn ún, ẹkún ló máa fi sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́dún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan wá láti ìlú àwọn Màmá. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́, oyún ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù ìbímọ. Bàbá mi ti fi àwòrán ọkọ̀ bàbá àgbà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, Màmá sì ti gbà pé kó máa gbé e lọ, pé ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi aṣọ bò títí ayé. Bàbá mi kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ó ń dán yanran. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí i po, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá.

Màmá na hámà sí i. "Gbà, lù ú wò."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Háà, Màmá. Ọkọ̀ yín ni mo fẹ́ máa lù? Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Omi ò mọ̀ pé ọkọ̀ mi ni. Lù ú."

"Ẹ dákun, Màmá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ gbogbo wa. Ó ti tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, jàre."

Bàbá mi náà dá sí i pé ọmọ náà gbẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó máa so okùn mọ́ ọkọ̀ kí lọ́rì tó dé. Inú bí Màmá. Wọ́n ní ìbọ̀wọ̀ kì í gbé ènìyàn léfòó, wọ́n sì rìn lọ sí ìdí ọkọ̀ fúnra wọn láti fi han ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Hámà náà kò dún kọ́, kò dún pọ̀. Ó wọlé ni. Ó wọ inú pákó bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀bà, ó sì há síbẹ̀. Nígbà tí Màmá fà á yọ, pákó jíjẹrà dúdú bá a jáde lábẹ́ ọ̀dà tuntun yẹn, pẹ̀lú àwọn kòkòrò funfun kéékèèké. Tápólì tí wọ́n fi ń tọ́jú ọkọ̀ náà ló ti sé ooru àti ọ̀rinrin mọ́ ọn nínú láti ọdún yìí wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wo ihò náà.

Màmá bá kúnlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ wo abẹ́ ọkọ̀ ni, àfi ìgbà tí wọ́n kọjú sí ọmọ náà.

"Dárí jì mí," wọ́n ní. "Ìyàwó rẹ ì bá di opó lọ́wọ́ mi."

Ọmọ tí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. N kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láyé, kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé ní gbangba, lójú àwọn ọmọ ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, kí ó má di èpè fún òun. Bàbá mi fà wọ́n lápá, wọn kò dìde.

"Mo ti lu ọkọ̀ gbogbo ayé," wọ́n ní. "Eléyìí, ti ọkọ mi ni, ojú ń tì mí láti lù ú."

Ohùn wọn kò gbọ̀n rárá, ìyẹn ló tún dẹ́rù bà mí jù. Ìgbà tí ọmọ náà fi ẹkún sọ ọ́ jáde pé òun ti dárí jì wọ́n ni wọ́n tó dìde. Ọkọ̀ tí Màmá fúnra wọn fi ń jẹun ní Àgbádárìgì ni wọ́n ní kó lọ gbé. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé di igi ìdáná.

Títí di òní, ẹnu ṣì ń yà mí bí mo bá rántí. Nínú ẹbí tiwa, àgbà kì í jẹ̀bi. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, a máa ń wá ẹni tí yóò gba ẹ̀bi náà rù ni, a ó sì máa pè é ní ìbọ̀wọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí àgbà mìíràn tó ṣe ohun tí Màmá ṣe. Èmi náà ti ń di àgbà báyìí. Mo ní ọmọ méjì ní Ẹgbẹ́dá níbí, gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbà gbọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò ṣẹ̀ wọ́n, tí ẹ̀bi náà yóò jẹ́ tèmi gidi, n kò sì mọ̀ bóyá orúnkún mi yóò gbà láti tẹ̀.