Ọmọ Tí Mo Lọ Tọrọ ní Ìkòtún

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi, òtútù sì ń ta mí létí. Ìlú kékeré tí mò ń gbé wà láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí àgbàdo ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ìkòtún ni mò ń lọ. Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́ lè máa rò pé mo wá najú ni. Ó tì o. Ọ̀gá mi ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí mi ò bá rí ọmọ kan tó ń jẹ́ Kọ́lápọ̀ gbà bọ̀, kí n máa wá iṣẹ́ míì.

Kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mí ní yunifásítì kan. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹ mọ̀ o. Eléyìí rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ kékeré, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tó bá sì gbé e, géńdé mọ́kànlá á máa lé e bíi pé ó jí ewúrẹ́ wọn. Wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀, àwọn tó sanwó wọlé á sì pàtẹ́wọ́. Ìdajì iṣẹ́ wa ni ohun tí wọ́n ń pè ní rikúrúùtì, ìyẹn ni pé ká máa ti ilé dé ilé, ká máa bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n fún wa lọ́mọ.

Ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ni mo wọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n bù fún mi lókè kò níyọ̀, adìyẹ rẹ̀ kò mọ ata rí. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ooru gbá mi mọ́ra, inú mi sì dùn. Mo já ẹrù mi sí òtẹ́ẹ̀lì, mo sì kọrí sí Ìkòtún. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti ibùdókọ̀ wọ àdúgbò Kọ́lápọ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ni òun máa gbà. Àádọ́ta náírà là ń san nígbà tí mo fi ìlú sílẹ̀.

Mo ní, "Ìdímù ni wọ́n ti bí mi o. Ṣé torí mo wọ kóòtù ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bàtà yín ló dájọ́ yẹn."

Ìyá àgbà tó tọ́ Kọ́lápọ̀ dàgbà ló jókòó ní pálọ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Fídíò rẹ̀ ni a rí ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń sáré lórí pápá kan ní Ìgándò, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yà fún un. Iṣẹ́ ti wọ̀ mí lára jù, bí mo ṣe wọlé ni mo rẹ́rìn-ín tí mo sì na ọwọ́ sí ìyá àgbà. Wọ́n wo ọwọ́ náà bíi pé mo fẹ́ tà á fún wọn.

"Ìwọ àti ta lẹ jọ wá?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ìwọ nìkan lo wá tọrọ ọmọ ọlọ́mọ? Àbí o ò lẹ́nìkan ni? Lọ mú àgbà ilé yín wá jàre."

Bí wọ́n ṣe lé mi jáde nìyẹn, èmi tí mo ti bá àwọn olówó Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ wọn. Ìdímù ló kù tí mo lè sá lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ìdímù. Mi ò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bú mi kí wọ́n tó dì mọ́ mi.

"Òtẹ́ẹ̀lì! Múfú, ṣé ilé bàbá ẹ ti jóná ni?"

Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún bú mi sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìgò oyin ńlá kan àti páálí bisikíìtì jáde. Mo ké gbàjarè. Nínú iṣẹ́ tiwa, kóòṣì tó bá fún ará ilé ọmọ ní nǹkan, bó ti wù kó kéré mọ, ó ti wọ gàù.

"Kí n wọ ilé onílé lọ́wọ́ òfo? Òfin wo nìyẹn?"

"Wọ́n á lé mi níṣẹ́, mà."

Oníkẹ̀kẹ́ tó ń dúró dè wá dá sí i. "Màmá, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi ṣá. Èmi kì í ṣe kóòṣì." Nígbà tó já wa sílẹ̀ ní Ìkòtún, ó gbé oyin àti bisikíìtì lọ, a ò sì tún fojú kàn án mọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyá Ìdímù kí wọn, wọ́n jọ béèrè àlàáfíà ara wọn dáadáa, lẹ́yìn náà ìyá àgbà yíjú sí mi.

"Ibi mélòó lo ti ṣiṣẹ́ kóòṣì yìí?"

Lọ́dọ̀ àwa kóòṣì, ìbéèrè tí èèyàn fi ń yangàn nìyẹn. Mo na àyà. "Mẹ́fà, mà."

"Ibi mẹ́fà ni wọ́n ti lé ẹ?"

"Rárá o, mà! Mẹ́ta ni wọ́n ti lé mi. Àwọn tó kù, èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀."

Kọ́lápọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìdímù wò mí bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Lóòótọ́, bí gbogbo kóòṣì ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n lé ẹ lónìí, ilé-ìwé míì gbà ẹ́ lọ́la, tí èyí tó tóbi jù bá sì pè, o ti bọ́ sọ́nà.

Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìyá ẹ̀ fi í lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Tí mo bá gbé e fún ọ, tí o sì tún lọ síbòmíì, ta lọmọ mi máa bá níbẹ̀?"

A ní ìdáhùn tí a máa ń fún àwọn òbí. A ó sọ pé ilé-ìwé ni ẹ fún lọ́mọ, kì í ṣe kóòṣì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé wo ojú ìyá àgbà sọ. Ìyá Ìdímù ló fèsì.

"Títí ọmọ yìí á fi kàwé jáde, ibi tí Múfú wà nìyẹn. Èmi ni mo dúró fún un. Bó bá yẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ wá."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọdún mẹ́rin! Kò sí kóòṣì tó lè ṣèlérí ọdún mẹ́rin. Mo ní, "Ṣùgbọ́n, mà..."

Ìyá Ìdímù jágbe mọ́ mi. "Dákẹ́. Dọ̀bálẹ̀, kó o dúpẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kóòtù mi kó eruku. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Mo fún ọ. Kì í ṣe ilé-ìwé yẹn ni mo fún o, ìwọ ni." Omi bọ́ lójú mi sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, mi ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí mo padà délé, yìnyín ti bo ọ̀nà mi. Ọ̀gá mi yọ̀ fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé ńlá kan pè mí, irú èyí tí gbogbo kóòṣì ń fi ojú oorun rí. Iṣẹ́ wà, owó rẹ̀ ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì, àfi kí n tètè dé. Inú bí mi sí Ìyá Ìdímù, mi ò ní parọ́. Mo rìn yí pálọ̀ ká kí n tó dá ọkùnrin náà lóhùn pé kò ṣeé ṣe fún ọdún mẹ́rin.

Ó ní, "Ta ló wá dá ọ dúró? Ajẹ́ńtì tó ń bá ọ wáṣẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá. Wọ́n ti fún mi lọ́mọ ni."

Ó kí mi kú oríire, ó sì béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.