Eyín mi ló tú àṣírí iṣẹ́ mi

Obìnrin tí mi ò rí rí láyé mi yẹ ẹnu mi wò lónìí, ló bá mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe!

Èrìgì mi ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá ń fọ ẹnu, ni mo bá lọ rí nọ́ọ̀sì tó ń fọ eyín fún èèyàn ní Ìgandò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni o.

"Mọ́mì, télọ̀ ni yín, àbí?"

Mo dìde jókòó. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òwú ti jẹ eyín iwájú yín wọnú. Eyín lẹ fi ń já a."

Ó fọ eyín mi tán, ó ní ìdọ̀tí tó há sáàárín eyín ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó mú òwú ìfọyín jáde, ó fi hàn mí bí màá ṣe máa rọra fà á láàárín eyín lálaalẹ́.

"Ó yá, ẹ gé díẹ̀, kí ẹ dán an wò."

Irin kékeré tí wọ́n fi ń gé e wà lára ike òwú náà o. Èmi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Mo gbé e sẹ́nu, mo fi eyín já a wẹ́rẹ́!

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ọdún méjìlélógún nídìí máṣíìnì kì í ṣe eré, jàre.

Ẹ̀yin télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má purọ́ o: sísọ́ọ̀sì yín dà?