Ọjọ́ Tí Ìjọba Wá Wo Ilé Àbúrò Mi

Àṣàkẹ́ àbúrò mi. Àṣàkẹ́ ọmọ Ọwá, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, obìnrin dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò fi ìgbà kan pè lórúkọ títí ọkọ náà fi kú. Ọmú kan náà la jọ mu. Lẹ́yìn Yèyé wa, èmi ni mo kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ ni mo ṣẹ́kù tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni ọkọ rẹ̀ kú. Gààrí ló ń ṣe ní Ìwàrà tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ló fi ń rin ẹ̀gẹ́, páànù náà a sì máa bu ìka rẹ̀ jẹ. Bí mo bá lọ kí i láti Iléṣà, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró kí n má baà rí i.

Ìgbà yẹn ni rédíò sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ fún àwọn opó tí ìyà ń jẹ ní ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ní ìlú kan. Wọ́n ní àwọn á rán èèyàn wá láti Òṣogbo wá fojú rí ilé oníkálukú kí àwọn tó yàn. Àṣàkẹ́ ránṣẹ́ pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá dúró tì mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀.”

“Òyìnbó wo? Ṣebí ara Òṣogbo ni wọ́n.”

“Ẹni tó bá ti mú bírò dání, òyìnbó ni lójú tèmi.”

Òṣómàálò ni bàbá wa. Aṣọ ló ń tà láwìn láti ilé dé ilé, tí yóò sì padà lọ gba owó rẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé kí n tó gbé aṣọ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ wo ilé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àga sì dára, kí n tú ẹrù. Bí ilé bá rí játijàti, kí n kí wọn, kí n máa lọ. Ohun tí èmi náà fi ń jẹun nìyẹn ní Iléṣà. Ojú yẹn ni mo gbé lọ sí Ìwàrà. Mo rò pé bí ìjọba náà ṣe ń wòye nìyẹn.

Mo háyà ọkọ̀ akẹ́rù, mo kó àga onítìmùtìmù mẹ́ta láti pálọ̀ mi. Mo wọ léèsì mi fún Àṣàkẹ́. Ó dúró, ó wo ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyà ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò o.”

“Ta ló ń fi ìyà pàdé àlejò? Bí wọ́n bá bá ọ nínú àkísà, wọ́n á ní o máa ta ẹ̀rọ náà jẹ ni.”

“Páànù mi ńkọ́? Ṣé kí n gbé e síta kí wọ́n rí i?”

“Gbé e sẹ́yìn ilé.”

Ó gbé e sẹ́yìn ilé. Ó pa adìẹ rẹ̀ tó ń yé ẹyin, a sì gúnyán.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán wá, ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó jókòó, ó jẹun. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ pa apá àga.

“Ẹ̀yin mà, àga yìí mà dára o. Tiyín ni?”

Àṣàkẹ́ ló bi. Àṣàkẹ́ wo ojú mi. Èmi ni mo dáhùn.

“Tiwa ni, ọmọ mi. A kì í ṣe ọ̀lẹ nílé yìí.”

Ó dúpẹ́, ó kọ nǹkan díẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọdá sí ilé Ìyá Ìbejì, opó bíi ti Àṣàkẹ́. Ìyẹn ti gbàgbé pé àlejò ń bọ̀. Inú omi ẹ̀gẹ́ ni ọmọbìnrin náà bá a, àwọn ọmọ ń sunkún ebi. Òun ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ. Mi ò bínú sí i, ó tọ́ sí òun náà.

Mo wọkọ̀ lọ sí sẹkitéríàtì ní Òṣogbo, mo sì rí ọmọbìnrin náà. Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo ni àwọn àga. Kò bú mi.

“Mà, orí rẹ̀ ni mo jókòó sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò rí i? Ẹ ní sùúrù di ìgbà kejì.”

Kí ìgbà kejì tó dé, àwọn sójà gba ìjọba. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ̀rọ mọ́.

Àṣàkẹ́ kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà. Bó bá rówó, á ru ẹ̀gẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ Ìyá Ìbejì. Bí kò bá rí, á padà sídìí páànù. Ọmọ rẹ̀ tó ti rí àyè sílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ẹ̀sà-Òkè kò lè lọ, òun náà bá ìyá rẹ̀ jókòó ti páànù. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ a máa pè é ní Màdáámù Onítìmùtìmù. “Màdáámù, ẹ máa wọlé, àga kò sí o.” Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo lọ jókòó tì í.

“Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìjọsí yẹn...”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun. Kò jẹ́ kí n tún ẹnu bọ̀ ọ́ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé la sin ín, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìwàrà. Torí pé èmi ni mo dàgbà jù ú lọ, wọn kò jẹ́ kí n dé ibi sàréè. Inú yàrá ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n ti bo ilẹ̀ tán.