Bàbá Ẹ-Gbọ́-Ná àti Hẹ́ẹ̀dìfóònù Olóríkunkun

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Ẹ-Gbọ́-Ná, tó ń tún hẹ́ẹ̀dìfóònù ṣe, sáré lé oníbàárà. Kì í ṣe pé oníbàárà náà jalè o. Ó sanwó, owó náà sì pé pérépéré. Ìyàwó Bàbá tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ló gbà á. Áńpílífáyà tó ń fún ohùn lágbára, èyí tó tóbi jù lórí pẹpẹ, ni ọkùnrin náà rà, ó gbé e sínú mọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ibi tí Bàbá ti lọ gẹrun ló ti dé, ó wo pẹpẹ, ó figbe ta.

"Ta ló gbé e?"

"Ọ̀gá kan ni. Ó ní òun fẹ́ máa fi hẹ́ẹ̀dìfóònù òun gbọ́ orin."

"Irú hẹ́ẹ̀dìfóònù wo?"

"Èwo ló kàn mí níbẹ̀? Ṣebí ó sanwó!"

Bàbá já owó gbà, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré jáde. Ibi tí iná pupa ti dá àwọn mọ́tò dúró ló ti bá ọkùnrin náà, ló bá ń gbá gíláàsì rẹ̀ gbàgbàgbà.

"Ṣé owó ò pé ni?"

"Ó pé, ọ̀gá. Owó yín rèé. Ẹ jẹ́ n wo hẹ́ẹ̀dìfóònù yín ná."

Ọkùnrin náà nà án sí i láti ojú fèrèsé. Bàbá yí i síwá sẹ́yìn, ó mi orí. "Èyí? Èémí lásán ló nílò, ẹ wá lọ ra ìjì fún un. Ṣé etí yín ti sú yín ni?" Àwọn mọ́tò ẹ̀yìn ń fun fèrè, wọ́n ń bú u. Ó gbé áńpílífáyà rẹ̀, ó ju owó sórí ìjókòó, ó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, Bàbá sì fún un ní kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìyàwó Bàbá ní òun ti rí ẹni tó ń lé olè, òun ò tíì rí ẹni tó ń lé ẹni tó sanwó.

Ohun tí Bàbá gbà gbọ́ ni pé bí ọmọ ni hẹ́ẹ̀dìfóònù rí: èyí tó gbọ́ràn wà, olóríkunkun sì wà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ló ń sọ bí oríkunkun rẹ̀ ṣe tó. Bí wọ́n bá kọ méjìlélọ́gbọ̀n sí i, fóònù lásán ti tó fún un. Bó bá jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún, tó o sì fi fóònù gbọ́ ọ, wúyẹ́wúyẹ́ ni yóò máa sọ, àfi kó rí áńpílífáyà tó lágbára lẹ́yìn rẹ̀.

Wáyà wá ńkọ́? Bí wáyà oníbàárà bá já, Bàbá á lọ jí tépù tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wọn aṣọ, á wọ̀n ọ́n láti etí oníbàárà náà dé orí tábìlì. "Jókòó bó o ṣe máa ń jókòó nílé." Akọ̀wé bánkì kan wá jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń ya fọ́tò. Bàbá ká tépù. "Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń jókòó báyìí nílé ara rẹ̀. Lọ sinmi, kó o padà wá lọ́la."

Dókítà eyín kan tún wà tó ní wáyà tí wọ́n fi góòlù sí lórí nìkan lòun fẹ́, pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Bàbá fi aṣọ dì í lójú, ó ní, "Ẹ gbọ́ ná." Dókítà gbọ́ orin. Bàbá da nǹkan rú lórí tábìlì bí ẹni tó ń pààrọ̀ wáyà, ó ní, "Èkejì rèé."

"Áà! Ẹ ò rí i? Ti góòlù yìí dún kedere!"

Bàbá tú aṣọ lójú rẹ̀. Wáyà góòlù ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, wáyà kan náà ni wọ́n fi gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Odidi oṣù mẹ́ta ni dókítà ò fi gba àdúgbò yẹn kọjá.

Ẹ̀rín nìkan kọ́ la fi ń rántí Bàbá ṣá. Ẹ bi Àǹtí Agbọ́wèé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ìwé tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí kò ríran, kó mú gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra hẹ́ẹ̀dìfóònù ńlá kan ta á lọ́rẹ. Láti ọjọ́ náà ni ohùn ti ń jìnnà sí i. Ó yí i sókè títí kò fi síbi tó tún lè yí i dé. Àṣìṣe mẹ́ta bọ́ mọ́ ọn létí, ọ̀gá rẹ̀ sì bá a wí. Ìyá tó bí i di adití kó tó pé ọgọ́ta ọdún, nítorí náà ó gbà pé ó ti kan òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó ní kóun kọ́kọ́ lọ ta hẹ́ẹ̀dìfóònù náà.

"Kí ló dé tó o fẹ́ tà á?" Bàbá bi í.

"Etí mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, Bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"O ti wá di dókítà nìyẹn." Bàbá wo nọ́ńbà ara hẹ́ẹ̀dìfóònù náà: ọ̀ọ́dúnrún. "Kí lo sì fi ń gbọ́ ọ?"

"Kọ̀ǹpútà kékeré ọ́fíìsì."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó fọwọ́ tẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀, ó bá ibi tó ti já nínú, lẹ́bàá etí ọ̀tún. Ó gé e dà nù, ó fi òjé yíyọ́ lẹ tuntun mọ́ ọn, ó wá áńpílífáyà tó lè borí ọ̀ọ́dúnrún. Gbogbo ọ̀sán ló fi ṣe é. "Ẹ gbọ́ ná," ló wí, bó ṣe máa ń wí fún tọmọdé tàgbà.

Àǹtí gbé e sétí, ó tan ìwé ọ́fíìsì kan lórí fóònù rẹ̀. Ó gbọ́ bí òǹkàwé ṣe ṣí ojú ewé. Ó gbọ́ bí àga ṣe dún lábẹ́ òǹkàwé náà.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó... ó ń gbé itọ́ mì, Bàbá."

"Ebi ló ń pa á."

Àǹtí ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ló ti fa lẹ́tà náà ya.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, etí Bàbá gan-an ló lọ. Tiẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ wáyà. Kò jẹ́wọ́, ojú oníbàárà ló kàn ń wò láti mọ̀ bó ṣe ń dún. Àǹtí fura, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti máa bá a gbọ́ iṣẹ́ tó ti parí. Lọ́jọ́ kan Àǹtí fẹ́ mú inú rẹ̀ dùn, kò tiẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa tó fi ní ó dùn gan-an.

"Òpùrọ́," ni Bàbá wí. "Mi ò tíì so apá òsì."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá máa kú, Àǹtí lọ kí i lórí ibùsùn. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. "Ṣó o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Àǹtí mi orí bẹ́ẹ̀ ni.

"Àṣìṣe mélòó lo mú lónìí?"

Ó na ìka mẹ́rin sókè.

"Ó dáa. Etí tèmi ti fẹ̀yìn tì, tìrẹ ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Kò burú rárá."

Àǹtí mọ̀ pé kò sí bóun ṣe lè pariwo tó tí yóò gbọ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ ọ́ náà ṣá, jẹ́jẹ́: "Ẹ ṣeun, Bàbá mi."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀ dáadáa.

"Mo gbọ́," ló wí.