Bọ̀dá Délé àti Àwo Rọ́ọ̀kì Tí Kò Ní Àwòrán

Bọ̀dá Délé ti lọ. Ó wá di ojú àlá kí n tó tún rí yín, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọmọ abẹ́ Olúmọ, onísùúrù ènìyàn tí kì í pariwo àfi tó bá gbé gìtá lọ́wọ́.

Èmi Rábíátù ni mo ń kọ èyí. Tíṣà físíìsì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó wá síbi ìsìnkú yìí mọ̀ yín sí. Èmi mọ̀ yín sí onígìtá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹ kó ọkùnrin mẹ́ta jọ ní àdúgbò Igbein, ẹ ní rọ́ọ̀kì lẹ óò máa kọ, ní Yorùbá, pẹ̀lú gìtá tó ń ké bí ayùn tó ń la pákó. Àwọn aládùúgbò ní kì í ṣe orin. Ẹ ò bá wọn jiyàn. Ẹ ní ohùn obìnrin ló kù, ẹ sì ti gbọ́ mi níbi tí mo ti ń kọ wákà níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi.

Ìyá mi, Àlàájà aláṣọ, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọmọ ìmàle, láàárín ọkùnrin mẹ́rin? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ wá sílé wa. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ò dìde títí Ìyá fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo lè kọrin, ṣùgbọ́n ojú mi kò gbọdọ̀ hàn lára páálí àwo.

Ẹ dúpẹ́. Ẹ lọ bá àwọn yòókù, ẹ ní: "Bí ojú Rábì kò bá sí níbẹ̀, kí tiwa náà má ṣe sí níbẹ̀." Inú bí onílù wa, torí ó ti rán ṣẹ́ẹ̀tì tuntun nítorí àwòrán. Orúkọ wa nìkan la tẹ̀ sára páálí.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni la ti gba orin náà sílẹ̀, nígbà ọlidé. Ọ̀rẹ́ yín kan gbé ẹ̀rọ wá láti Èkó. A fi ẹní àti fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé kí ariwo ìta má bàa wọlé. Iná ń lọ, iná ń dé. Ní ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń kọ orin tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́, òjò bẹ̀rẹ̀ sórí páànù. Mo fẹ́ dákẹ́. Ẹ juwọ́ sí mi pé kí n máa bá a lọ. Òjò yẹn ṣì wà nínú àwo náà.

Fún oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn tí àwo náà jáde, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Nígbà tó yá, olóòtú kan bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí rédíò lọ́sàn-án, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbá tẹ̀lé e. Láti Owódé dé Ọ̀fàdà, wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún tán. Gbogbo ènìyàn ń béèrè ẹni tó ni ohùn. Ìyá mi gbọ́ ọ ní ìsọ̀ wọn. Wọn ò sọ fún oníbàárà pé ọmọ àwọn ni, wọ́n kàn ní kí ọmọ ìsọ̀ yí rédíò sókè.

Ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ní Èkó wá bẹ̀ yín fún àwo kejì, wọ́n ní ojú gbogbo wa gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ kọ̀. Ẹ padà sí kíláàsì, èmi lọ sílé ọkọ. Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé, àlàáfíà àwọn ọmọ la máa ń béèrè lọ́wọ́ ara wa.

Nígbà tí mo wá kí yín lórí àìsàn, mo bi yín bóyá ẹ kábàámọ̀ pé ẹ kọ̀. Ẹ ní rárá. Ẹ wá ní: "Àmọ́ ó wù mí kí á tún ṣe ọ̀kan. Mo rò pé ìwọ ni kò fẹ́ mọ́."

Èmi náà ti rò pé ẹ̀yin ni kò fẹ́ mọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo kí ìyàwó yín, mo sì lọ sílé. Ibí ni mo ti ń sọ ọ́. Ká ní ẹ pè mí ni, ǹ bá wá.

Bọ̀dá mi, ilẹ̀ Ẹ̀gbá á tù yín lára. Ẹ sùn re o.